Orí Kẹta: Orúkọ Tó Gbó Lẹ́nu

“Orúkọ yìí kò tíì gbó, Màmá,” ni Alátẹnujẹ wí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí tó gbó wá.”

“Kí ló dé tí kò gbó? Arìngbẹ̀rẹ̀! Arìngbẹ̀rẹ̀ o! O ò gbọ́ bó ṣe ń dùn lẹ́nu mi ni?”

“Ó ń dùn, Màmá. Ṣùgbọ́n àárọ̀ yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.”

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀báàjì ni, ó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó. Ó ní ihò kan níwájú tí mo máa ń pe orúkọ sí, ó sì ní ahọ́n pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ tó fi ń yọ báàjì síta. Orúkọ tí ìjọba fún un gùn, nọ́ńbà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ta ló ráyè ìyẹn? Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ọmọkùnrin tó bá nílé ọkọ, mo ní, “Alátẹnujẹ, ẹ kúulé o!” Ohun tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn, torí orúkọ èèyàn nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sì í yó.

Mo tún gbìyànjú Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀. Kò gbó. Mo gbìyànjú Adákẹ́ṣiṣẹ́. Kò gbó. Mo wá fi í sílẹ̀, mo ń ki okùn ọrùn bọ àwọn báàjì tó ti jáde, mo sì ń kọrin tèmi, torí ọwọ́ mi kì í ṣiṣẹ́ bí ẹnu mi bá dákẹ́:

*Báàjì mi dúdú, báàjì mi pupa,*
*Ẹni tó ni tirẹ̀ kó wá gbé e kọ́rùn.*
*Ẹni tí kò ní, kó dúró lóòrùn,*
*Oòrùn ò béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni.*

Ibi tí mo kọrin dé nìyẹn tí Ọ̀gá Adéyẹfá fi wọlé. Ọ̀gá àwọn tó ń tún awọ oòrùn ṣe ni, àwọn awọ dúdú ńláńlá tí wọ́n tẹ́ sórí gbogbo òrùlé ìlú wa, tó ń mu oòrùn tó sì ń sọ ọ́ di iná. Ọ̀la ni yóò fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lómìnira, òun ló sì ni gbogbo báàjì tó wà lórí tábìlì mi.

“Ìyá Báàjì, ẹ kú orin o!”

“Ẹ ṣé o, Ọ̀gá. Ẹ wò ó, tiyín rè é.”

Ó gbé e sókè, ó ń yí i lójú oòrùn. Aláwọ̀ aró ni, mo fi wúrà yí etí rẹ̀ ká, mo sì tẹ àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i nísàlẹ̀ orúkọ: ẹnu, ẹsẹ̀, ṣíbí. Ẹni tó bá ní ẹnu lórí báàjì rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọ. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ lè jó. Ẹni tó bá ní ṣíbí lè jẹun. Ẹni tí kò bá ní ẹnu, bó pariwo títí ilẹ̀ fi ya, etí-kejì wa, ìyẹn nǹkan bíńtín bí ẹ̀wà tí wọ́n ń fi sí etí ọmọ tuntun níjọ́ ìkómọ, kò ní gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

“Ìyàwó mi ní kí ẹ jẹ́ kí ẹnu tòun tóbi ju tèmi lọ,” ni Ọ̀gá wí.

“Ó ti tóbi jù ú lọ tipẹ́, Ọ̀gá, kí n tó tẹ̀ ẹ́.”

A jọ rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ìdí lé àga. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ń fi ìka ṣí àwọn báàjì yòókù wò, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wá nǹkan tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

“Mi ò rí ti ẹni tó mú Ìyùnadé wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.”

“Ẹ ò lè rí i.”

“Ìyá Báàjì, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá, bàbá rẹ̀ tí ń jẹ́...” Ó pe orúkọ náà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ pè é. Ohun tí etí-kejì gbé wá fún mi ni *fùùù*, bí afẹ́fẹ́ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Òun náà gbọ́ fùùù láti ẹnu ara rẹ̀.

“Ẹ gbọ́ ọ báyìí,” ló wí. “Ọmọ náà mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju ọwọ́ mi lọ, ẹ má sọ fún un. Ṣùgbọ́n lọ́la, tí mo bá béèrè pé ta ló mú un wá, ẹni tó mú un wá gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀, kó dáhùn, kó wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Bó bá ṣe afẹ́fẹ́ ló dáhùn, mi ò lè fa ọmọ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Òfin ẹgbẹ́ ni. Á tún bẹ̀rẹ̀ ìgbà ìkọ́ṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ mi ni o, láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Odindi ìgbà?”

“Odindi. Ojú rẹ̀ tó ti ń pọ́n nídìí iná wáyà yẹn...” Kò parí rẹ̀. “Ẹ̀yin ìyàwó ilé àtijọ́, ẹ kì í pe ọmọ ilé ọkọ yín lórúkọ. Orúkọ tí ẹ fún wọn fúnra yín lẹ fi ń pè wọ́n. Ṣé ẹ ò ní ọ̀kan nílẹ̀ fún un ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Nígbà tí mo kọ ọ́ títí, ó kó báàjì tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò lẹ́nu wa, àwa ìyàwó ilé la kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dá sí i. Bí wọ́n bá yọ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọkùnrin kan níjọ́ ìkómọ, “Bàbá Lágbájá” a bá a lọ, oríkì rẹ̀ a bá a lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó fún un kò sí ní ilé ìṣúra orúkọ, kò sí ibi tí wọn yóò ti yọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo tẹ Adúmáadán fún ọmọkùnrin kan ní agbo ilé ọkọ mi, ó wọ ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn. Mo tẹ Ìbàdíàrán. Mo tẹ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Inú wa ń dùn, a ń fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣé orúkọ tó bá ti gba inú Alátẹnujẹ kọjá, nígbà tí ìpéjọ bá túká, ilé ìṣúra ló ń lọ. Bó bá sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti yọ, wọ́n á yọ òun náà. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi jayé. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí ẹnu láti kí Adúmáadán, fùùù.

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀báàjì kankan kò tíì gbọ́ rí.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo lọ mu omi. Orítà ni ọmú irin wa wà, ó yọ lára ògiri bí ọmú ewúrẹ́. Ẹnu la fi ń fà á, a kì í gbé igbá lọ síbẹ̀, torí bí kò bá kan ètè èèyàn kì í sun omi. Ẹni tó bá ní orúkọ a jẹ́ orúkọ rẹ̀, a mu ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kò lè mu, àfi bí ẹnìkan bá pè é lálejò.

Àbúrò ọkọ mi ti jókòó síbẹ̀ lábẹ́ òjìji ògiri, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

“Ìyàwó wa, o pẹ́ lónìí.”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Alátẹnujẹ ló ń bá mi jà.” Mo tẹ̀ síwájú. “Àwẹ̀ró ni mí.”

“Àwẹ̀ró, ẹ mu,” ni ọmú irin wí. Mo mu.

“Mo ní àlejò. Ọkọ mi ni.”

“Àwọn ọkọ yín pọ̀ ní agbo ilé, Màmá. Èwo nínú wọn?”

“Eyínmẹ́nugún.”

Ó ń wọ̀n ọ́n. Ọmú irin kì í kọ orúkọ àlejò sílẹ̀, ó kàn ń wọ̀n bó ṣe gbó tó lẹ́nu ẹni tó pè é ni. “Ó gbó,” ló wí. “Kí ó mu.”

Ó mu. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ egungun. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó fi èrìgì rẹ̀ hàn mí, kò sí eyín kan níbẹ̀.

“O ṣì ń pè mí ní Eyínmẹ́nugún. Ìwọ obìnrin yìí, o ò bẹ̀rù Ọlọ́run.”

“Eyín ti lọ, ọkọ mi. Ẹnu ṣì gún.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà. Ọmọdé ni nígbà yẹn, òun ni wọ́n ní kó da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó da omi náà, ó da púpọ̀ sí i sára aṣọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun bí àgbàdo tuntun. Mo kọrin fún un níbẹ̀:

*Mo dé o, ọkọ mi kékeré,*
*Mi ò ní pè ọ́ lórúkọ.*
*Orúkọ ìyá rẹ, ó dọwọ́ ìyá rẹ,*
*Tèmi ni mo mú bọ̀ láti ilé bàbá mi.*

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ìgbà tó gẹrun, ìgbà tó gbéyàwó, ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú tó fi Ìyùnadé sílẹ̀. Ìgbà tí ọkọ mi gangan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú, iná ti kú káàkiri ìlú, Alátẹnujẹ kò lè tẹ báàjì kan, ooru sì mú. Òun ló jáde sí ìta tó ké pe gbogbo ará àdúgbò: “Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká sin ẹ̀gbọ́n mi kó tó bàjẹ́.” A sin ín láìsí báàjì lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ìjọba ní ẹni tó pe ìpéjọ ni àwọn yóò mú. Òun ló pè é. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nìyẹn.

“Ọ̀gá Adéyẹfá wá bá ọ,” ló wí.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Èmi ló rán an.”

Mo dìde. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé, oòrùn ń le.”

“Jókòó, Ìyàwó wa.” Mo jókòó. Bó ti wù kí n dàgbà jù ú lọ tó, ilé ọkọ ni mo ti bá a. “Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ń wá òmíràn. Arìngbẹ̀rẹ̀ ti ń wọ̀ mí lẹ́nu.”

“Títí di ọ̀la?”

“Kí ni màá fi pè yín mu omi lọ́túnla? Ẹ sọ ìyẹn fún mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà yìí. Ẹ ó la ẹnu dúró de òjò? Òjò tó ń bọ́ ewúrẹ́ nírun?”

“Mo ti mu omi tó, Ìyàwó wa. Èmi kì í ṣe ọmọdé.”

“Ẹ ò tíì mu tó!” Ohùn mi lọ sókè, àwọn tó wà lórí ìlà wò wá. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tún ṣe ìgbà kan sí i. Kò ní pa á. Ẹnìkan kì í kú nítorí iṣẹ́.”

“Ojú rẹ̀ ńkọ́? O rí ojú rẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?”

Mo ń fi ẹsẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀.

“Bí o bá fi mí pamọ́ sẹ́nu rẹ,” ló wí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, “ìwọ nìkan ni yóò máa rí mi. Mo fẹ́ kí ọmọ mi rí mi lẹ́ẹ̀kan níwájú èèyàn.”

Mo sọ fún un pé mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo sì kọrin lọ sílé kí n má bàa gbọ́ ohun tó ń sọ lẹ́yìn mi.

*

Ìyùnadé fúnra rẹ̀ wá gba báàjì rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ tó ga, tó rí ṣọ́lọ́, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo rí ojú rẹ̀. Funfun rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyin iná. Ó ní láti sún mọ́ báàjì náà pẹ́kípẹ́kí kó tó lè kà á.

Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni *Ìyùnadé ọmọ*, lẹ́yìn náà àlàfo. Alátẹnujẹ kò rí orúkọ fi sí i.

“Màmá, ẹ fẹ́ kí n gé àlàfo yẹn kúrò?” ni Alátẹnujẹ bi mí. “Báàjì náà á rí rẹ́gí.”

“Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Màámi,” ni Ìyùnadé wí. “Kí wọ́n lè rí i pé ibẹ̀ ní èèyàn.” Ó fi okùn bọ ọrùn wò. “Bàbá mi ní ẹ ó tẹ báàjì fún àwọn. Mo ní ṣé orúkọ omi yẹn kọ́? Wọ́n ní rárá, ẹ ní òmíràn. Ṣé òótọ́ ni, Màámi? Torí bó bá jẹ́ ti omi ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ó ti mọ́ mi lára.”

Ó ti mọ́ ọn lára! Ọmọ tó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn kó tó jáde.

Mo ní, “Ìyàwó ilé wo ni kò ní orúkọ púpọ̀ lápò?”

Ó dì mọ́ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an, eyín rẹ̀ pé. Mo dúró títí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tán lójú ọ̀nà. Mo wá yíjú sí Alátẹnujẹ.

“Alátẹnujẹ, la ẹnu.”

“Mo ti là á, Màmá.”

“Eyínmẹ́nugún.”

Ó ń kùn nínú bí ológbò tí wọ́n fi ọwọ́ pa lórí. “Orúkọ yìí gbó gan-an,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀, Màmá. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?”

“Funfun. Bí eyín.”

“Kí lẹ fẹ́ kí ó lè ṣe?”

“Ẹnu. Ẹsẹ̀. Ṣíbí. Fi gbogbo rẹ̀ sí i. Kí ẹnu náà tóbi ju ti ìyàwó Ọ̀gá lọ.”

Ó yọ ahọ́n rẹ̀ síta, báàjì náà wà lórí rẹ̀, ó gbóná, yíǹkì rẹ̀ ṣì ń dán.

*

Lọ́jọ́ òmìnira, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni mo ti so báàjì náà mọ́ ọkọ mi kékeré lọ́rùn. Bùbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ló wọ̀, ó fẹ̀ fún un. Ilẹ̀kùn náà wo àyà rẹ̀. “Eyínmẹ́nugún, ẹ wọlé,” ló wí, ó sì ṣí. Ó pẹ́ tí ilẹ̀kùn kan ti ṣí fún un. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, àfi ìgbà tí mo tì í lẹ́yìn.

Ẹ wo bí inú ilé náà ṣe rí! Àwọn tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín èèyàn láti ọjọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sáré wá dì mọ́ ọn. Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè ìyá, kò gbàgbé ẹnìkan. Wọ́n ka àyà rẹ̀, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Eyínmẹ́nugún! Eyín dà?” Ó ní, “Ìjọba ló gbà á, ẹ wá fi tiyín yá mi jẹ ẹran.” Ó jẹ, ó jó. Ó jó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi náà sì ń bá a gbè é.

Nígbà tó kan Ìyùnadé, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá. Wọ́n fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu. Ọ̀gá gbé irin tí wọ́n fi ń lẹ wáyà lé e lọ́wọ́ méjèèjì.

“Ta ló mú ọmọ yìí wá bá mi?”

Mo rí i tí Ọ̀gá di ojú rẹ̀.

“Èmi Eyínmẹ́nugún ni,” ni ọkọ mi wí. “Èmi ni mo mú un wá. Èmi ni mo wá mú un lọ.”

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọ̀gá la ojú, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù sọ̀ fún. “Eyínmẹ́nugún, ẹ gbà á. Mo tú u sílẹ̀. Kó má padà sídìí iná mi mọ́.” Orin sì bẹ́.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ọmọ tó gba òmìnira kò gbọdọ̀ sùn ní ìlú ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ìlú òkè, níbi tí ilé ìwòsàn ojú wà, ti wà níta. Ìyùnadé gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, ní inú gbọ̀ngàn síbẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wéréwéré.

“Tí o bá débẹ̀, Ìyùnadé, kí o...”

Agogo lù. Ìpéjọ parí. Mo rí i tí báàjì tó wà láyà rẹ̀ ń ṣí bí aró tí kò mú aṣọ, ẹnu lọ, ẹsẹ̀ lọ, ṣíbí lọ, orúkọ tẹ̀ lé wọn, ó ku ike funfun. Ètè rẹ̀ ṣì ń lọ. Etí-kejì wa kò gbé nǹkan kan.

“Bàbá mi, kí lẹ wí?” ni Ìyùnadé ń ké. “Mi ò gbọ́!”

Ọkọ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyùnadé ju ọwọ́ sí wa láti fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a kò sí ló ju ọwọ́ sí, ojú yẹn kò ríran jìnnà.

Nígbà tí a bọ́ síta tí ohùn bàbá rẹ̀ padà, mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ.

“Mo ti gbàgbé, Ìyàwó wa,” ló wí. “Nǹkan kékeré ni.”

*

Ní ọjọ́ kejì mo lọ síbi ọmú irin. Ọkọ mi ti jókòó síbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n ibo ni kó lọ?

“Àwẹ̀ró ni mí.”

“Àwẹ̀ró, ẹ mu.”

“Mo ní àlejò.”

“Ta ni, Màmá?”

Mo mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe. Síbẹ̀ mo la ẹnu. Mo pè é pẹ̀lú gbogbo agbára mi, bí mo ṣe pè é nígbà tó da omi sí mi lẹ́sẹ̀. *Fùùù.* Ẹnu mi ni, ahọ́n mi ni, mo mọ bí orúkọ náà ṣe ń jókòó lábẹ́ àjà ẹnu mi. Afẹ́fẹ́ ló jáde.

“Arìngbẹ̀rẹ̀,” ni mo wí.

“Kò tíì gbó, Màmá.”

“Ìgbà wo ni yóò gbó?”

“Ó pẹ́ díẹ̀,” ni ọmú irin wí, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. “Ẹ máa pè é.”

Mo wo ọkọ mi. Ètè rẹ̀ ti ń là. Mo fi ẹnu kan ọmú irin, mo fa ìwọ̀n tèmi, mi ò gbé e mì. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì gbé e bí ọmọdé tó jí nǹkan jẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rí ohun tí mo ń ṣe. Ó ń mi orí pé rárá, ó sì ń na àkèrègbè kékeré tó fi ń tọ́jú aṣáà rẹ̀ sí mi.

“Ìyàwó wa, èérí nìyẹn,” ló wí. Omi ojú rẹ̀ ń bọ́, ó ń fi omi ṣòfò.

Ìwọ̀n ẹnìkan ni, kò ní tó èèyàn méjì títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi tán. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Èmi tí orin kì í tán lẹ́nu mi, ẹnu tó kún fún omi kò lè kọrin. Ṣùgbọ́n imú mi ṣófo. Mo ń rìn lọ, mo sì ń fi imú kùn ohùn orúkọ náà láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bí ìyá ṣe ń kùn fún ọmọ tó sùn. Ohùn náà jáde. Kì í ṣe fùùù. Ọkọ mi gbé ojú sókè, ó gbọ́ ara rẹ̀, èrìgì rẹ̀ sì hàn.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ń kùn ún lójoojúmọ́, yóò gbó. Bó bá sì gbó tán, wọ́n á wá gbà á.

“Màmá Àwẹ̀ró,” ni ọmú irin wí lẹ́yìn mi, “mo ń gbọ́ nǹkan. Ṣé ẹ ń pe ẹnìkan ni?”

Mi ò dáhùn. Ẹnu mi kún.